Kókó Okùn Tó Di Òṣùwọ̀n: Ibi Tí "Knot" Ti Wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣètò ẹrù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ yìí mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ kan ń rìn ní "12 knots per hour". Ọ̀gá mi fa igi lé e, ó ní àṣìkọ ni, pé "12 knots" ti tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kókó tí à ń ta sí okùn ni wọ́n ń pè ní "knot". Kí ló pa kókó okùn pọ̀ mọ́ eré ọkọ̀? Ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, kí ló sì dé tí wọn kò fi kìlómítà kà á bíi ti mọ́tò? Ṣé ẹnikẹ́ni ṣì lè fi okùn wọn eré ọkọ̀ lónìí?

Ìdáhùn:

Ọ̀gá yín ló jàre. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹ kò dúró síbẹ̀, pé ẹ béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọn eré ọkọ̀ láyé ọjọ́un kò tún ní fi "per hour" sí i mọ́.

Tí a bá ní ọkọ̀ ń sá knot kan, ohun tí à ń sọ ni pé ó ń rin máìlì ojú òkun kan ní wákàtí kan. Máìlì ojú òkun yàtọ̀ sí ti orí ilẹ̀. Ti orí ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 1,609. Ti ojú òkun jẹ́ mítà 1,852 géérégé. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń sá 12 knots ń rin kìlómítà 22 àti díẹ̀ ní wákàtí kan. Wákàtí ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà látilẹ̀. Ẹni tó bá tún kọ "per hour" tẹ̀lé e ti ka wákàtí lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ìwé rẹ̀ sì ń sọ lójú onímọ̀ ìṣirò ni pé wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ọkọ̀ náà ń fi 12 knots kún eré tó ń sá tẹ́lẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀la, á ti máa sáré bí ọkọ̀ òfurufú.

Ní ti kókó, kókó okùn tí ẹ mọ̀ yẹn náà ni. Okùn gidi, kókó gidi, tí atukọ̀ ń fi ọwọ́ kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìṣòro tó bí i. Lórí ilẹ̀, ẹni tó ń rìnrìn-àjò á rí igi, á rí òkè, á rí ilé, á mọ̀ pé òun ti kúrò níbì kan, òun sì ti dé ibòmíràn. Lójú agbami, omi ni níwájú, omi ni lẹ́yìn. Ọkọ̀ lè máa lọ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìrí ohun kan tí èèyàn lè nawọ́ sí pé ibí yìí la wà lánàá. Atukọ̀ lè fi kọ́ńpáàsì mọ ìhà tó kọjú sí. Ó lè wo oòrùn lọ́sàn-án tàbí ìràwọ̀ àríwá lóru, kó fi mọ bí òun ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó. Ṣùgbọ́n bó ṣe rìn tó síhà ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, láyé ìgbà náà, ìṣirò nìkan ló lè sọ fún un: eré tí ọkọ̀ ń sá, iye wákàtí tó fi sá a, àti ìhà tí iwájú ọkọ̀ kọ sí. Ẹni tí kò bá mọ eré ọkọ̀ rẹ̀ kò lè mọ ibi tó wà, àpáta sì ni ìgbà mìíràn ló máa ń sọ ọ́ fún un.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n eré. Nígbà tí Christopher Columbus kọjá Òkun Àtìláńtíìkì ní 1492, ohun tó ní kò ju ojú àti ìrírí lọ. Ó ń wo bí ìfófòó omi ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wo bí atẹ́gùn ṣe kún inú ìgbòkun tó, ó sì ń sọ iye tó rò. Mi ò fojú kéré irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Atukọ̀ tó ti pẹ́ lórí omi máa ń díwọ̀n rẹ̀ débi pé ẹnu á ya èèyàn. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọrí àwọn ará Netherlands: wọ́n á ju igi wẹ́wẹ́ sómi níwájú ọkọ̀, wọ́n á wá ka bó ṣe pẹ́ tó kí igi náà tó dé ìdí ọkọ̀. Ọgbọ́n yẹn dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbà náà kò gùn. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, igi ti kọjá, ẹni tó bá sì fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ṣì í kà ti ba gbogbo ìṣirò jẹ́.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé wọ́n so okùn mọ́ igi náà. Pẹ̀lú okùn, gígùn ọkọ̀ kò tún já mọ́ nǹkan kan mọ́. Igi lè jìnnà bó bá ṣe wù ú, okùn á máa tẹ̀lé e. Ní 1574, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Bourne tẹ ìwé kan jáde fún àwọn atukọ̀, A Regiment for the Sea. Inú ìwé yẹn ni àlàyé àkọ́kọ́ nípa irinṣẹ́ yìí wà ní títẹ̀. Kókó ara okùn wá gbajúmọ̀ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí irinṣẹ́ náà ti gún régé tán, bó ṣe rí nìyí. Pákó pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n gé bí ìdámẹ́rin òbìrìkìtì. Wọ́n kan òjé mọ́ etí rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ, kí apá ibẹ̀ lè wúwo, kí pákó lè dúró gbọnran nínú omi, kó má sùn lé e. Ìdúró gbọnran yẹn ni omi fi ń dì í mú. Ọkọ̀ á máa lọ, pákó á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbi tó bọ́ sí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi so igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ okùn gígùn, ṣùgbọ́n wọ́n kì í di gbogbo wọn pinpin. Èèkàn igi kékeré kan tí wọ́n kàn tì bọ ihò ló di apá kan mú, kó lè yọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó yọ. Okùn gígùn náà wà ní kíká sára igi roboto kan tó ń yí.

Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ka okùn láti ẹsẹ̀ pákó. Omi ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń rú, ó sì máa ń fa ohun tó bá wà nínú rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ̀, nítorí náà wọ́n á jẹ́ kí pákó jìnnà kúrò nínú rúdurùdu yẹn ná. Apá àkọ́kọ́ okùn, tó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kò ní àmì kankan. Níbi tó parí sí ni wọ́n so àkísà pupa tàbí funfun mọ́, ibẹ̀ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ ni kókó wà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní àlàfo kan náà, bí àmì ara téèpù aránṣọ. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé okùn ńlá náà gan-an kọ́ ni wọ́n ń ta ní kókó. Wọ́n á ki okùn wẹ́wẹ́ bọ àárín fọ́nrán okùn ńlá, ara okùn wẹ́wẹ́ yẹn ni wọ́n á sì ta kókó sí: kókó méjì níbi àmì kejì, mẹ́ta níbi àmì kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lóru dúdú, nínú òjò, ẹni tó di okùn mú lè fi ìka ka iye tó ti jáde láìsí fìtílà.

Èèyàn mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan á gbé igi tí okùn wà lára rẹ̀ sókè, kó lè máa yí fàlàlà. Ọ̀kan á di ìgò oníyanrìn mú, ìgò tí yanrìn inú rẹ̀ ń dà tán ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú tàbí kó dín díẹ̀. Ẹnì kẹta, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá, ló ń ju pákó sómi láti ìdí ọkọ̀. Bí àkísà bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, á kígbe, onígò á dojú ìgò dé lójú ẹsẹ̀. Yanrìn ń dà, okùn ń tú, kókó ń kọjá. Bí yanrìn bá tán, onígò á kígbe tirẹ̀, wọ́n á gbá okùn mú, wọ́n á wo iye kókó tó ti jáde. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, ọkọ̀ ń sá kókó mẹ́fà. Gbígbá tí wọ́n gbá okùn mú yẹn náà ló ń fa èèkàn igi yọ; pákó á wó lulẹ̀ lójú omi, kò ní lè di omi mú mọ́, wọ́n á wá rọra fà á wọlé. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe èyí, nínú ọkọ̀ mìíràn ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru, láti èbúté dé èbúté.

Ibi tí ọgbọ́n wọn ti wú mi lórí jù nìyí. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 120 wákàtí kan. Tí àlàfo àárín kókó sí kókó bá jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 120 máìlì kan, iye kókó tó bá jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni iye máìlì tí ọkọ̀ máa rìn ní wákàtí kan. Kò sí ìsọdipúpọ̀, kò sí pínpín, kò sí ohun tí wọ́n máa kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ẹni tó ta kókó sí okùn ti bá wọn ṣe ìṣirò náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọmọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà, lè wọn eré ọkọ̀ ogun ńlá, bí ó bá ṣáà ti mọ oókan dé ogún. Okùn nìkan kò lè sọ eré, ìgò nìkan kò lè sọ ọ́. Àwọn méjèèjì papọ̀ ni knot. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ lókè pé àkókò ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà látilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdá 120 máìlì wo? Ìbéèrè yìí gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ wọn, torí pé ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ bí ayé fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó. Máìlì ojú òkun kì í ṣe gígùn tí ọba kan kàn pàṣẹ. Àwọn onímọ̀ pín àyíká ayé sí dígírì 360, wọ́n sì tún pín dígírì kọ̀ọ̀kan sí 60. Ìdá 60 yẹn ni wọ́n ń pè ní ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ìṣẹ́jú aago, ìṣẹ́jú igun ni. Máìlì ojú òkun ni gígùn ìṣẹ́jú igun kan lójú ayé, ní ìlà tó lọ láti gúúsù sí àríwá. Ẹni tí kò bá mọ bí ayé ṣe tóbi tó kò lè mọ ibi tó yẹ kó ta kókó sí.

Àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà gbà pé ìṣẹ́jú igun kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5,000. Tí ẹ bá pín 5,000 sí ọ̀nà 120, ẹ ó rí nǹkan bíi 42, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 42 ni wọ́n fi sáàárín kókó sí kókó. Àlàfo yẹn kéré jù. Máìlì gidi fi ẹsẹ̀ bàtà tó ju 1,000 lọ gùn ju tiwọn. Ọkọ̀ tó bá rin máìlì 100 ní tòótọ́, okùn á sọ fún wọn pé ó ti rìn tó 120.

Ẹni tó bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa ni Richard Norwood, olùkọ́ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹfà 1633, ó wọn bí oòrùn ṣe ga tó lọ́sàn-án gangan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kẹfà 1635, ó wọn ọ́n ní York, níhà àríwá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì sọ fún un iye dígírì tí ìlú kan fi jìnnà sí èkejì. Lẹ́yìn náà ló wá wọn ọ̀nà ilẹ̀ láti York padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣéènì ló fi wọn èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí kò ti fi ṣéènì wọ̀n, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kà á. Ó tún yọ gbogbo kọ́rọ̀ ọ̀nà, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúrò nínú ìṣirò. Èsì rẹ̀, tó tẹ̀ jáde ní 1637, ni pé dígírì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 367,196, ìyẹn ni pé máìlì ojú òkun kan jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6,120. Iye tí à ń lò lónìí jẹ́ nǹkan bí 6,076. Ẹ wò ó dáadáa: ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ àti ṣéènì wọn ojú títì kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í. Mo ka iṣẹ́ yìí sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ìwọ̀n tó dára jù lọ ní ọ̀rúndún 17, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń lo knot lójoojúmọ́ kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Norwood gba àwọn atukọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n sún kókó wọn jìnnà síra, kó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50. Ṣé wọ́n gbà? Ó pẹ́ gan-an kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gbà. Agídí nìkan kọ́ ló sì fà á. Okùn wọn àtijọ́ máa ń sọ pé ọkọ̀ ti lọ jìnnà ju ibi tó wà lóòótọ́ lọ, àwọn àgbà inú wọn sì rí i pé ààbò wà nínú àṣìṣe yẹn. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti sún mọ́lé á dín ìgbòkun kù, á rán èèyàn gun òpó láti máa wòye. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá sọ pé ilẹ̀ ṣì jìnnà á fọkàn balẹ̀, á máa sáré lọ nínú òkùnkùn. Bí mo bá wà nípò wọn, èmi náà ì bá fẹ́ okùn tó ń kánjú ju èyí tó ń lọ́ra lọ. Àwọn mìíràn fi okùn sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n dín yanrìn inú ìgò kù dípò rẹ̀, ìyẹn náà sì ń tún ìṣirò ṣe, torí pé ìgbà tó bá kúrú báyìí, okùn tó kúrú náà á bá a mu.

Eré ṣíṣe kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ní òru ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1707, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí Cloudesley Shovell ń darí ń bọ̀ wálé láti Gibraltar. Wọ́n rò pé àwọn ti ń wọ ojú omi tó gba àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé kọjá. Àpáta erékùṣù Scilly ni wọ́n kọlù. Ọkọ̀ mẹ́rin rì, èèyàn tó ju 1,000 lọ kú, Shovell alára kú pẹ̀lú wọn. Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru okùn. Ojú ọjọ́ kò dára, máàpù ìgbà náà ní àṣìṣe, ìṣàn omi ń gbé ọkọ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ló ń kó ara wọn jọ sínú ìṣirò kan náà tí okùn àti ìgò wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìwọ̀n tó gbilẹ̀ jù ni ìgò ìṣẹ́jú-àáyá 28 pẹ̀lú àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 47 àti íǹṣì 3. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó gbé yín dé ẹsẹ̀ bàtà 6,075, ìyẹn ni pé ó ku díẹ̀ péré kó bá máìlì òde òní mu pátápátá. Ọkọ̀ tó ń sáré gan-an tún ní ìṣòro tirẹ̀. Cutty Sark, ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n sọ sómi ní 1869, lè sá knots 17 àti ààbọ̀. Pẹ̀lú ìgò ìṣẹ́jú-àáyá 28, okùn tó máa tú á ju mítà 250 lọ, ta ló fẹ́ fa ìyẹn padà lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan? Nítorí irú eré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ìgò kékeré kan, ti ìṣẹ́jú-àáyá 14. Wọ́n á ka kókó, wọ́n á sì sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa yẹ irinṣẹ́ náà wò. Okùn máa ń sún kì tó bá tutù, ó sì máa ń nà tí wọ́n bá ti ń fà á fún ìgbà pípẹ́. Yanrìn tó bá gba ọ̀rinrin kì í dà dáadáa mọ́. Okùn tó ti sún kì á sọ pé ọkọ̀ ń sáré ju bó ṣe ń sáré lọ, èyí tó ti nà á sọ pé ó ń falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kan tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ tún jáde láti ara pákó kan náà yìí. "Log" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìtì igi, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fún pákó tí wọ́n ń jù sómi. Iye kókó tí wọ́n bá kà ni wọ́n ń fi ẹfun kọ sára pátákó kan, wọ́n á wá dà á kọ sínú ìwé, ìwé náà sì di "logbook". Àwọn awakọ̀ òfurufú gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn oníkọ̀ǹpútà náà gbà á. Bí ẹ bá "log in" sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtì igi àwọn atukọ̀ ọjọ́un ni ẹ ń dárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí "per hour" yín. Má jẹ́ kí ojú tì yín, torí pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìwé ìrìn-àjò ọ̀rúndún 18 àti 19, ẹ ó rí "knots an hour" lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó lo ayé wọn lórí òkun. Lẹ́nu àwọn yẹn, knot ti di orúkọ mìíràn fún máìlì. Kókó kan dúró fún máìlì kan, nítorí náà "kókó mẹ́wàá ní wákàtí kan" bọ́gbọ́n mu létí wọn. Láti ìgbà náà ni ìtumọ̀ ti dúró sójú kan: knot jẹ́ eré, kò sì jẹ́ ohun mìíràn. Ní ìdàkejì, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi knot ka bí ibì kan ṣe jìnnà tó. "Ó ku knots 20 ká dé èbúté" kò tọ̀nà. Máìlì ojú òkun ló kù, knot ni eré tí ẹ máa fi rìn ín.

Ìdí tí wọn kò fi lo kìlómítà wà lára máàpù òkun. Ní etí òsì àti etí ọ̀tún irú máàpù bẹ́ẹ̀, wọ́n fa ìlà dígírì àti ìṣẹ́jú igun sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìṣẹ́jú igun kan níbẹ̀ ni máìlì ojú òkun kan. Atukọ̀ á fi irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì mú àárín ibi tó wà àti ibi tó ń lọ, á gbé e sí etí máàpù ní ọ̀gangan ibi tí ọkọ̀ wà, á sì ka iye máìlì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń sá 12 knots, ó mọ̀ láìronú pé ìṣẹ́jú aago márùn-ún márùn-ún ni òun á fi máa rin ìṣẹ́jú igun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lo kìlómítà á kọ́kọ́ sọ dígírì di kìlómítà kó tó ṣe ohunkóhun, ibi tí àṣìṣe sì ń gbà wọlé nìyẹn. Ìdí kan náà ni àwọn awakọ̀ òfurufú fi ń lo knot, tí wọ́n sì ń fi ka agbára atẹ́gùn pẹ̀lú.

Ohun kan ṣì dà wọ́n láàmú. Ayé kò rí roboto bí bọ́ọ̀lù gẹ́lẹ́. Ó tẹ̀ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú igun kan ní agbedeméjì ayé jẹ́ nǹkan bíi mítà 1,843, nígbà tí ti òpin àríwá àti òpin gúúsù jẹ́ nǹkan bíi 1,862. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń mú iye tó wù ú. Ti Bìrìtìkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6,080. Ní 1929, ìpàdé àgbáyé kan tí wọ́n ṣe ní Monaco fẹnu kò sí mítà 1,852, iye tó wà láàárín. Amẹ́ríkà gbà á ní 1954, Bìrìtìkó gbà á ní 1970.

Okùn kò sí lórí ọkọ̀ ńlá mọ́. Edward Massey gba ìwé àṣẹ ní 1802 fún ẹ̀rọ kan tí ọkọ̀ ń wọ́ lẹ́yìn, tí omi ń yí, tó sì ń ka máìlì fúnra rẹ̀. Thomas Walker ṣe èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1861. Lónìí, ẹ̀rọ abẹ́ ọkọ̀ àti sátẹ́láìtì ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín àwọn méjèèjì tó kan iṣẹ́ yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀rọ abẹ́ ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bíi pákó àtijọ́, eré tí ọkọ̀ ń sá nínú omi ló ń wọ̀n. Sátẹ́láìtì ń wọn eré rẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Bí ọkọ̀ bá ń sá 12 knots nínú omi, tí ìṣàn omi tó tó 3 knots sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, 9 knots ló fi ń sún mọ́ èbúté. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣírò ọjọ́ tí ẹrù máa dé, ẹ béèrè èwo nínú méjèèjì ni wọ́n kọ fún yín.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì lè fi okùn wọn eré. Ó ṣeé ṣe dáadáa nínú ọkọ̀ kékeré, aago fóònù á sì dúró fún ìgò yanrìn. Ẹ gé pákó bí ìdámẹ́rin òbìrìkìtì, ẹ kan irin tó wúwo mọ́ etí rẹ̀ tó tẹ̀, ẹ so ó mọ́ okùn bí mo ṣe ṣàlàyé. Bí ẹ bá fẹ́ ka ìṣẹ́jú-àáyá 30, àlàfo kókó sí kókó á jẹ́ mítà 15 àti sẹ̀ǹtímítà 43. Fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, tó rọrùn jù nínú ọkọ̀ tí kì í sáré, mítà 5 àti sẹ̀ǹtímítà 14 ti tó. Ẹ fi apá okùn tí kò ní àmì sílẹ̀ níwájú, kó gùn tó ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ sì so àkísà mọ́ ibi tó parí sí. Ẹ rẹ okùn náà sómi mọ́jú, kẹ́ ẹ nà án dáadáa, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ ta kókó kankan sí i, torí pé èyí tí ẹ bá wọ̀n ní gbígbẹ kò ní jẹ́ gígùn kan náà mọ́ tó bá dé inú omi.